Ìpàdé Ọdọọdún Àwọn Olólùfẹ́ Ìtàn Àròsọ Sáyẹ́ǹsì ní Dubai àti Sharjah

Orí ìwé yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé Dubai tàbí Sharjah, tó fẹ́ràn ìtàn nípa ọkọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń ronú àti ìlú tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀ dó, tó sì ń wá àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ràn nǹkan kan náà. Ó wà pẹ̀lú fún ẹni tó ń ti Èkó, Ìbàdàn tàbí London bọ̀, tó fẹ́ kí ìrìn àjò rẹ̀ bọ́ sí àkókò tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń péjọ. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: ẹ má ṣe dá ìpàdé yín sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ẹ so ó mọ́ ayẹyẹ ńlá tó ti wà nílẹ̀, tó ti gba àṣẹ ìjọba, tí èrò sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ní agbègbè yìí, èyí tó dára jù lọ fún un ni Pàtẹ Ìwé Àgbáyé ti Sharjah, tó máa ń wáyé nínú oṣù Kọkànlá.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ tí àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn yìí ṣe, èyí tí a mọ̀ sí Worldcon, wáyé ní New York ní oṣù Keje ọdún 1939. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi sí àkókò tí Pàtẹ Àgbáyé (World's Fair) ń lọ lọ́wọ́ nílùú náà, ara orúkọ pàtẹ yẹn ni wọ́n sì ti mú orúkọ tiwọn. Nǹkan bí igba èèyàn ló wá. Pàtẹ náà ti kógbá wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n Worldcon ṣì ń wáyé títí di òní. Nílé wa náà, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà dá African Speculative Fiction Society sílẹ̀ ní 2016, ayẹyẹ ìwé Ake Festival tí Lola Shoneyin ń ṣe ni wọ́n gbé e jáde sí, ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ake Festival kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi Nommo, ẹ̀bùn ẹgbẹ́ náà, fún àwọn tó gbégbá orókè.

Bí ọdún ṣe ń lọ

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù Kìíní dé ìparí ọdún.

*Oṣù Kìíní sí oṣù Kejì.* Emirates Airline Festival of Literature máa ń wáyé ní Dubai. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ó sì máa ń kó àwọn òǹkọ̀wé jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ló ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ètò wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan bá wà níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ nìkan ti tó yín. Ẹ lọ pọ̀, ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè.

*Oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin.* Middle East Film & Comic Con ni ayẹyẹ tó tóbi jù fún àwọn tó ń múra bí akọni inú fíìmù àti kọ́míìkì. Dubai ló ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Dubai World Trade Centre. Àrùn Kòrónà dá a dúró, nígbà tó sì padà dé ní 2022, Abu Dhabi ló kó lọ, sí gbọ̀ngàn ńlá ADNEC. Ẹni tó bá ń wá a ní Dubai lónìí kò ní rí i. Ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú kì í dúró lójú kan: oṣù Kẹta ni ní 2022, oṣù Kejì ni ní 2024, oṣù Kẹrin ni ní 2025. Ẹ má ṣe fi ti èṣí díwọ̀n ti ọdún yìí. Bọ́ọ̀sì E100 máa ń gbéra ní Al Ghubaiba, E101 ní Ibn Battuta, àwọn méjèèjì sì ń lọ sí Abu Dhabi. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán tó ń gbé ní agbègbè náà lọ, àwọn tó jókòó sẹ́yìn tábìlì kéékèèké tí wọ́n ń ta iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ tún máa rí ní Dubai àti Sharjah lẹ́yìn tí ayẹyẹ bá parí. Àwọn òṣèré fíìmù tí ẹ tò sí ìlà fún, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n máa wọ̀ padà.

*Oṣù Kẹrin sí oṣù Karùn-ún.* Sharjah Children's Reading Festival bẹ̀rẹ̀ ní 2009, Expo Centre Sharjah ló ti ń wáyé. Kọ́míìkì, eré àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀ fún ọmọdé. Láti 2023 ni àpérò lórí fíìmù ẹ̀fẹ̀ aláwòrán, Sharjah Animation Conference, ti ń bá a rìn. Bí ọmọ yín bá ń yàwòrán, ẹ má jẹ́ kí èyí fò yín ru.

*Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án.* Ooru máa ń kọjá ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti lọ sílé fún ìsinmi. Ẹ má ṣe ìpàdé ọdọọdún ní àkókò yìí. Àkókò ìwé kíkà ni, àti ti lílọ síbi tí amúlétutù wà: Museum of the Future lójú Sheikh Zayed Road, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2022, tàbí Mohammed bin Rashid Library ní Al Jaddaf, tí wọ́n kọ́ bí àga tí à ń gbé Kùránì lé.

*Oṣù Kọkànlá.* Pàtẹ Ìwé Àgbáyé ti Sharjah. Ìpín tó tẹ̀ lé èyí wà fún un.

*Oṣù ààwẹ̀.* Ramadan máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú ti ọdún tó kọjá, nítorí náà kò ní oṣù kan pàtó nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ẹ yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó dá ìpàdé. Bí ẹ bá fẹ́ pàdé nínú ààwẹ̀, ẹ fi sí ẹ̀yìn ìṣínu.

Ìdí tó fi jẹ́ Sharjah

Ọdún 1982 ni pàtẹ ìwé yìí bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ọba Sharjah, Sheikh Sultan bin Muhammad Al Qasimi, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òǹkọ̀wé. Expo Centre Sharjah ló ti ń wáyé, ó sì máa ń gba ọjọ́ méjìlá. Ọ̀fẹ́ ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn òǹṣèwé ń wá láti gbogbo àgbáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òǹkọ̀wé ńlá: Abdulrazak Gurnah, ọmọ Zanzibar tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, wà níbẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Ní 2019, UNESCO fi Sharjah ṣe olú ìlú ìwé lágbàáyé.

Sharjah kan náà ni ilé Noura Al Noman, obìnrin tó kọ *Ajwan*. Ó ń wá ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì lédè Lárúbáwá tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè kà, kò rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá jókòó kọ tirẹ̀. Ìwé náà jáde ní 2012, ó sì gba ẹ̀bùn Etisalat fún ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní 2013. Kò dúró kí ẹlòmíràn wá kọ ọ́ fún òun. Ìyá tó ń tọ́mọ ní ilẹ̀ àjèjì, tó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá orúkọ Yorùbá pàdé nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, kí ó ronú sí èyí.

Àwọn tó ti fi hàn wá bí a ṣe ń lo pàtẹ yìí ni àwọn ará Kerala, láti ìhà gúúsù Íńdíà, tí wọ́n ń sọ Malayalam. Ẹ dé gbọ̀ngàn Keje ní ìrọ̀lẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì, awakọ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn. Àwọn tó ń gbé ní UAE nínú wọn ń kọ ìwé sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kí wọ́n lè ṣí i níbi pàtẹ yẹn. Ìjọba kò kọ́ gbọ̀ngàn kan fún wọn. Àwọn òǹṣèwé wọn ló wá, èrò tẹ̀ lé wọn, ó sì di àṣà. Àwa Yorùbá pọ̀ ní Deira, ní Al Nahda, ní Ajman àti ní Sharjah fúnra rẹ̀. Ohun tó kù ni kí a mọ ọjọ́ tí a máa pàdé.

Ohun tí òfin sọ

Ààbò wà ní UAE, ọwọ́ òfin sì le. Ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn mìíràn jọ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan márùn-ún wọ̀nyí dunjú.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó ní orúkọ, òfin, àpò owó àti ìforúkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ní Dubai, Community Development Authority ló ń bójú tó ẹgbẹ́ àwùjọ tí kì í wá èrè. Ayẹyẹ tí a pe gbogbo ayé sí náà ń fẹ́ àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ bíi mẹ́jọ bá jọ lọ sí pàtẹ ìwé, tí wọ́n sì jẹun pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìjáde ọ̀rẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má lẹ pátákó mọ́ ara ògiri, ẹ má gba gbọ̀ngàn, ẹ má ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá di púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ lọ bá àwọn tó ní àṣẹ tẹ́lẹ̀, bíi ilé ìkàwé tàbí àwọn tó ń ṣe pàtẹ ìwé, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó yín sínú ètò wọn.

Èkejì ni owó. Òfin ìjọba àpapọ̀ nọ́ńbà 3 ti 2021 sọ pé àjọ tó bá gba àṣẹ nìkan ló lè gba owó ìtọrẹ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àṣà wa láti gbé igbá ká fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é ní ìpàdé yìí, ẹ má sì kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kí oníkálùkù san owó ohun tó jẹ. Ìpàdé tí kò ní àpò owó kì í ní ìjà owó.

Ẹ̀kẹta ni fọ́tò. Òfin nọ́ńbà 34 ti 2021 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ẹni tó ya ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá bó bá gbé e síta. Ẹni tó bá wọ aṣọ akọni pàápàá, ẹ kọ́kọ́ béèrè: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n yà yín?” Ọ̀pọ̀ wọn á dúró, wọ́n á sì gbé ara sí ìrísí akọni náà fún yín. Ìdílé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, obìnrin àti ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bọ́ sínú fọ́tò.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn àti ońdè. Èyí kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Òfin ilẹ̀ náà ka iṣẹ́ oògùn sí ẹ̀ṣẹ̀, àwọn aṣọ́bodè sì ń gba ohunkóhun tó bá jọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ múra bí ọdẹ inú ìwé Fágúnwà kò gbọ́dọ̀ kó ońdè, ìfúnpá, àádó, egungun tàbí ìyẹ́ gidi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ tilẹ̀ ra wọ́n lọ́jà gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé.

Ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bíbú ẹ̀sìn èyíkéyìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìtàn tí ẹ bá máa kà sókè ní gbangba, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dé ibẹ̀. Sharjah kò sì gba ọtí rárá, kò sí èyí tó ṣeé rà ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí níbi oúnjẹ.

Ìmúra

Pàtẹ ìwé kì í ṣe ayẹyẹ aṣọ akọni, nítorí náà ẹ múra níwọ̀nba. Òfin ìwọṣọ Sharjah le ju ti Dubai lọ: kí aṣọ bo èjìká àti orúnkún, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó má sì fún mọ́ ara. Bùbá àti ṣòkòtò tàbí ìró àti bùbá ti bo ohun gbogbo. Ẹ lè fi ohun kékeré kan kún un tó máa jẹ́ kí àwọn yín mọ̀ yín láti òkèèrè, bíi fìlà aṣọ òkè tí ẹ rán iná kéékèèké mọ́ etí rẹ̀.

Aṣọ akọni gidi, Comic Con Abu Dhabi ni kí ẹ gbé e lọ. Àwọn aláàbò ẹnu ọ̀nà máa ń yẹ ohun ìjà ayédèrú wò. Irin kò dára, ohun tó bá mú kò dára, ìbọn tó jọ ìbọn gidi kò dára. Ẹ má wọ aṣọ ọlọ́pàá tàbí ti ológun orílẹ̀-èdè kankan.

Bí a ṣe lè ṣe aṣọ ọdẹ ọjọ́ iwájú láìrú òfin nìyí. Ẹ lọ sí Satwa ní Dubai, níbi tí àwọn aláṣọ àti àwọn aránṣọ pọ̀ sí. Ẹ ra aṣọ òwú tó nípọn, aláwọ̀ ilẹ̀, kí aránṣọ fi rán gbẹ́rí tó dé orúnkún, pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ra fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tẹ́ fún ọmọdé láti ṣeré lórí ilẹ̀. Ẹ gé e ní igun mẹ́rin kéékèèké, tí kò ju ìka méjì lọ, ẹ fi aṣọ pupa àti dúdú bò wọ́n, kí ẹ sì gán wọn mọ́ àyà ẹ̀wù náà ní ìlà mẹ́ta. Láàrin ìlà kejì, ẹ fi okùn iná LED tó ń lo bátìrì bọ́tìnnì sí i, kí ó máa tàn láti inú aṣọ wá. Kò sí ońdè níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá mọ ẹ̀wù ọdẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà máa sún mọ́ yín láti béèrè. Ibẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láti Dubai dé Sharjah

Ọ̀nà kan kò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ láti Dubai sí Sharjah ní ìrọ̀lẹ́ lè fi gbogbo ìgbádùn ọjọ́ náà ṣòfò. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai tí wọ́n ń sùn ní Sharjah ló máa ń wà lójú Al Ittihad Road ní wákàtí kan náà. Metro Dubai kò dé Sharjah. Ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí.

Bọ́ọ̀sì ló rọrùn jù fún àpò. E303 ń gbéra ní Union, E306 ní Al Ghubaiba, àwọn méjèèjì sì ń dé ibùdó Al Jubail ní Sharjah. Káàdì Nol ni ẹ máa fi san owó, nítorí náà ẹ ti fi owó sí i kí ẹ tó dé ibùdó. Ní Al Jubail, ẹ wọ takisí Sharjah lọ síbi tí ẹ ń lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ló dùn jù. Ó ń ti Al Ghubaiba lọ sí ibùdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sharjah Aquarium ní Al Khan, kò sì pé wákàtí kan. Wọ́n dá a dúró nígbà Kòrónà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Láti ibẹ̀, Expo Centre kò jìnnà pẹ̀lú takisí. Kò sí gosiló lójú omi.

Takisí láti Dubai ló yá jù bí ọ̀nà bá ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi owó kún un tí wọ́n bá kọjá ààlà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ó bójú mu. Bí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ti ọjọ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló yẹ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022, òpin ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú, Sharjah sì fi gbogbo ọjọ́ Ẹtì kún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa, ní ṣọ́ọ̀bù, ní òtẹ́ẹ̀lì àti nídìí ààbò, ló ń ṣiṣẹ́ ní Àbámẹ́ta. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ sí ọ̀sán, kí ẹni tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ lè bá yín, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ máa wà ní ìrọ̀lẹ́ fún ẹni tó bá pẹ́ dé.

Ètò ọjọ́ kan

*Aago mẹ́ta ọ̀sán: Flying Saucer, Dasman, Sharjah.* Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí, nítorí kò sí ilé kankan ní ìlú méjèèjì tó bá ọ̀rọ̀ yín mu tó báyìí. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ilé yìí: òrùlé rẹ̀ rí roboto bí ọkọ̀ àwọn ará ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀, etí rẹ̀ yọ igun jáde yíká bí ìràwọ̀, òpó tó gbé e ró ya bíi lẹ́tà V, gíláàsì ló sì yí inú rẹ̀ po. Ó ti jẹ́ ilé oúnjẹ rí, ó ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn, ó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ńlá, ó sì ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta adìẹ díndín. Sharjah Art Foundation gbà á ní 2012, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 fún iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú ibi tí èèyàn ti lè mu kọfí. Ẹ wọlé, ẹ dúró sí àárín gbùngbùn, kí ẹ gbójú sókè sí àjà. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ síta, kí ẹ rí i bí mọ́tò ṣe ń yí i po. Àwọn tó kọ́ ọ ti ń ronú nípa ọjọ́ iwájú nígbà tí orílẹ̀-èdè náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.

*Aago mẹ́rin: ìtàn kúkurú.* Níbi kọfí, kí oníkálùkù fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ nípa ìwé kan tó kà lọ́dún náà. Kí ó dáhùn ohun kan péré: kí ni ayé inú ìwé náà yí padà, kí ló sì fi sílẹ̀ bó ṣe wà? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bó ṣe parí.

*Aago márùn-ún ààbọ̀: ẹ máa lọ sí Expo Centre.* Ẹ kọ́kọ́ wá àtẹ àwọn òǹṣèwé Áfíríkà, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ní. Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì, nítorí òǹṣèwé tí èèyàn mẹ́wàá bá béèrè ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ máa gbé e wá lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníwèé Lárúbáwá, kí ẹ wá *Ajwan*. Ẹ lè wá *Siwar al-Dhahab* ti Qais Sedki pẹ̀lú, kọ́míìkì tí ọmọ Emirati yìí kọ, tí àwọn ayàwòrán ará Japan sì yà, tó gba ẹ̀bùn Sheikh Zayed Book Award fún ìwé ọmọdé ní 2010. Ọmọ yín tó ń kọ́ Lárúbáwá nílé ìwé lè kà á fún yín.

*Aago mẹ́jọ alẹ́: oúnjẹ.* Ibi oúnjẹ wà nínú Expo Centre, ṣùgbọ́n ó máa ń kún. Ẹ rán ẹni méjì ṣíwájú láti di àga mú.

Ohun tí ẹ máa gbé lọ́wọ́

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan wá láti yá ẹlòmíràn, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú èèpo. Kí ó má jẹ́ ìwé òyìnbó nìkan. *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti bá Àkàrà-Ògùn wọ igbó kò ní jẹ́ àlejò nínú ayé èyíkéyìí tí òǹkọ̀wé bá dá. Tẹ̀ lé e ni *Rosewater* ti Tade Thompson, tó gba Nommo àkọ́kọ́ fún ìwé ìtàn gígùn ní 2017 àti Arthur C. Clarke Award ní 2019. Ìlú kan ní Nàìjíríà tó dìde yíká ohun tó wá láti ìràwọ̀ ni ìtàn náà dá lé. *Shigidi and the Brass Head of Obalufon* ti Wole Talabi, tó jáde ní 2023, fi òrìṣà ilẹ̀ wa sẹ́nu iṣẹ́ ní London òde òní. Fún àwọn ọmọ, ẹ mú *Iyanu* ti Roye Okupe. Ẹ sì jọ wo *Iwájú*, fíìmù aláwòrán alápá púpọ̀ nípa Èkó ọjọ́ iwájú tí Kugali bá Disney ṣe ní 2024, nínú ilé yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Bí ẹ kò bá rí wọn ní pàtẹ, Kinokuniya ní Dubai Mall lè bá yín béèrè fún ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ti Fágúnwà, àfi kí ẹni tó ń ti ilé bọ̀ mú un wá. Ẹ sọ fún un kó tó di àpò.

Ìpè, àti ọdún tó ń bọ̀

Ìpè kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ lè lo irú èyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ tí Pàtẹ Ìwé Sharjah bá ṣí, a máa pàdé ní aago mẹ́ta ọ̀sán níwájú Flying Saucer ní Dasman. Ẹ mú ìwé kan tí ẹ ti kà tí ẹ lè yá ẹlòmíràn. Kò sí owó kankan láti dá, oníkálùkù ló máa san owó oúnjẹ tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mú ọmọ bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká tètè mọ̀. Bí ẹ bá pẹ́, ẹ bá wa ní Expo Centre láti aago mẹ́fà.”

Ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àgbàṣe lè bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìsinmi. Ẹ rán wọn létí ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé. Bí ẹ kò bá ju mẹ́ta lọ ní ọdún kìíní, ẹ ṣe gbogbo ètò náà láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ohun tó ń pa irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbé gbogbo rẹ̀ rù. Ní UAE, físà lè parí, iṣẹ́ lè gbé èèyàn lọ sí Riyadh tàbí kí ó padà sílé lójijì. Nítorí náà, kí ẹ tó tú ká lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yan ẹni méjì tí yóò pe ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọ̀kan máa gbé Dubai, kí èkejì máa gbé Sharjah. Kí àwọn méjèèjì ní orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wá, kí wọ́n mọ ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a, kí wọ́n sì lè pe àwọn yòókù jọ bí ẹnì kan nínú wọn bá ti kó lọ.

Ẹni tó bá yá ìwé gbọ́dọ̀ dá a padà ní ọdún tó ń bọ̀, níbi kan náà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé tí wọ́n gbé lọ sílé yẹn ni yóò mú kí wọ́n tún fojú kàn yín.